Àga Kan, Èèyàn Kan

Orí àga mi ni mo jókòó sí, tí omi ń ṣàn sínú ike mi, nígbà tí mo gbọ́ tí Mopélọlá ń pè mí láti ẹ̀yìn Etí, ààlà ìlú wa.

"Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró o! Wá gbé mi, mo ti ṣubú!"

Mopélọlá ni ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi. Ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ rẹ Etí sílẹ̀ ló ti jáde kúrò ní Òkè-Ìgò ìlú wa, láti ìgbà náà n kò fojú kàn án. Kò sì sí ẹlòmíràn tó ṣẹ́kù láyé tó ń fi oríkì pè mí. Màámi ni ọmọ mi ń pè mí. Ìyá Àrínọlá ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Ẹni tó bá pè mí ní Àwẹ̀ró, ẹnu ìyá tó bí mi ló ti gbọ́ ọ.

Mo dìde. Omi dá wáí. Bẹ́ẹ̀ ni àga ṣe ń ṣe ní ìlú wa: ó mọ ìwúwo ẹni tó ni ín. Bí ẹlòmíràn bá jókòó lé e, tàbí tí o bá gbé ọmọ lé itan rẹ, ẹ̀rọ á dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n bú. Àga kan, èèyàn kan. Ẹni tí kò bá ní àga kò ní omi, ẹni tí kò bá sì ní omi, kí ló tún ń wá nínú Etí?

Mo fẹ́ sáré, mo rántí pé a kì í sáré. Bàtà fóòmù ni gbogbo wa ń wọ̀, àtọmọdé àtàgbà. Odó ti di èèwọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọmọ tó dàgbà tó láti fẹ́ ọkọ wà níbẹ̀ tí kò tíì gbọ́ ìró odó rí. Ilẹ̀ kò gbọdọ̀ mì, nítorí ìgò tó wà ní Ilé Òtútù, tó ń bá wa wá omi. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò gbọ́ tèmi mọ́. Bàbá Fọlárìn, aládùúgbò mi, yọjú lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ejò:

"Ìyá Àrínọlá! Ẹ rọra! Ṣé ẹ fẹ́ jí ìgò lójú oorun ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣubú!"

"Bó bá ṣubú, ṣebí ilẹ̀ ló wà. Ẹ rọra, mo ní!"

Mo kọjá lára rẹ̀. Ohùn yẹn tún pè mí. "Àwẹ̀ró o!" Ó ń fa "o" yẹn bí ìgbà tí èèyàn ń fa okùn láti inú kànga.

Ẹni tí kò bá dé ọ̀dọ̀ wa rí, tó bá gbọ́ orúkọ Etí, á rò pé odi ńlá ni. Ní ìgbà tí kì í ṣe ìgbà Ìtutù, bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́, irin á yọ láti inú rẹ̀, á ga ju orí ọkùnrin lọ. Ṣùgbọ́n bí Ìtutù bá dé, àkókò tí wọ́n ń fẹ́ kí èrò ìlú dín kù, wọ́n á rẹ irin náà wọlẹ̀, á sì ku òkúta tí kò ga ju orúnkún mi lọ. Ewúrẹ́ ń fò ó. Kò sí ẹ̀gún lórí rẹ̀, kò sí ọlọ́pàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá wù lè jáde. Wọn kì í ti ẹnikẹ́ni. Ó kàn jẹ́ pé ẹni tó bá jáde, ó jáde nìyẹn.

Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo gbé tòsì. N kò ronú. Ta ní ń ronú nígbà tí ọmọ ìyá ẹ̀ bá wà nílẹ̀? Bí ẹsẹ̀ kejì ṣe kan iyẹ̀pẹ̀ òde ni mo gbọ́ agogo Ilé Òtútù lókè lọ́hùn-ún, ó dún lẹ́ẹ̀kan, kóńgó. Ìgò ti mọ̀. Ó ti mọ̀ pé ìlú fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo yí òkúta ńlá tí ohùn ti ń wá ká. Kò sí Mopélọlá. Àpótí ohùn kékeré kan ni mo bá, kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi, wọ́n fi àkísà we é, wọ́n tì í bọ pàlàpálá òkúta. "Wá gbé mi, mo ti ṣubú!" Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni, kò sí àní-àní. Mo dì í mú, mo ń wò ó bí ẹni ń wo ejò. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn ni nǹkan mìíràn wá jáde nínú rẹ̀. Ẹ̀rín. Ẹ̀rín ọmọdébìnrin kan, kè-kè-kè-kè, tó ń rín in títí èémí fi ń tán lọ́fun rẹ̀.

Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Èmi ni mo bí i.

Ọjọ́ kan báyìí ni, òjò ṣì ń rọ̀ láyé, Mopélọlá yọ̀ ṣubú sínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn ilé wa, ó sì jókòó síbẹ̀ tó ń ké pè mí. Dípò kí Àrínọlá ọmọ mi gbé e, fóònù ló gbé jáde, ó ń ká a sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. A jọ rẹ́rìn-ín náà títí alẹ́ ọjọ́ yẹn. Inú fóònù Àrínọlá nìkan ni ohùn yẹn wà. Kò sí ibòmíràn.

Mo jókòó sílẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá Gbígbóná," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn mi.

Obìnrin kan ni, ó dúdú, ó sì gbẹ, àpò èédú wà lórí rẹ̀. Ó ní Jọláadé lorúkọ òun, pé òun náà ti fò jáde rí, torí pé òun àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ òun jọ jà. Gbígbóná ni wọ́n ń pe gbogbo àwa tó jáde. Àwọn tó wà lóde náà ti gbà á lórúkọ, wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀.

"Mopélọlá ni mo ń wá," mo wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó pupa, ó fi ẹsẹ̀ kan tiro."

Ó sọ àpò èédú kalẹ̀. Bó ṣe sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni mo ti mọ̀.

"Ìyá, a ti sin ín. Nínú ọyẹ́ tó kọjá. Àìsàn kò pẹ́ lára rẹ̀. Àwa la ránṣẹ́ wọlé sí Ilé Òtútù, sí ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó dáhùn pé òun gbọ́, ó ní òun á sọ fún yín. Ṣé kò sọ ni?"

Mo ní kó bù mí lómi díẹ̀. Ó bù ú, omi tó rí bí ọtí àgàdàgídí, tí iyẹ̀pẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo mu ún.

Ó yẹ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ìgò ti jẹ́, torí Àrínọlá fúnra rẹ̀ ló là mí lóye rẹ̀, ọdún tí wọ́n gbà á síṣẹ́. Ìgbà yẹn, bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, a jọ ń mu ògì ni. Ó ní afẹ́fẹ́ kan ló wà nínú ìgò náà, pé irin ni wọ́n yọ́ títí tó fi di afẹ́fẹ́, ó sì kéré débi pé ojú kò rí i. Wọ́n á fi ìmọ́lẹ̀ ká a mọ́ lọ́tùn-ún, lósì, lókè, nísàlẹ̀, títí eré ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi dínkù.

"Ìmọ́lẹ̀ ló ń mú un tutù?" mo bi í.

"Ìmọ́lẹ̀ ni, Màámi."

"Ìmọ́lẹ̀ tí èmi mọ̀, ṣe ló ń gbóná."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe tirẹ̀ tán, àwọn á wá rẹ etí ohun tó gbé afẹ́fẹ́ náà dúró sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó gbóná jù nínú wọn á fò jáde fúnra rẹ̀, á gbé ooru rẹ̀ lọ. Àwọn tó kù á máa kọlu ara wọn, wọ́n á pín ooru tó kù mọ́ra wọn lọ́wọ́, omíràn á tún gbóná jù, àwọn á tún rẹ etí sílẹ̀, òun náà á fò. Ó na ìka sí àwo ògì mi: "Ẹ wo ooru tó ń jáde yẹn. Bó ṣe ń lọ ni èyí tó kù ń tutù. Ẹnikẹ́ni kò lé e."

Ó ní bí ó bá tutù débi tí ayé yìí kò ní orúkọ fún òtútù rẹ̀ mọ́, afẹ́fẹ́ náà á gbàgbé ara rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ á wọ́ lọ sórí àga kan ṣoṣo tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, á di ọ̀kan, kò ní sí ti ẹ̀gbọ́n, kò ní sí ti àbúrò. Bí èrò bá ṣe pọ̀ tó lórí àga yẹn ni àwọn yòókù ń yára wá bá wọn.

"Bí ìgbà tí èèyàn mẹ́ta bá dúró wòkè," mo wí, "tí gbogbo ọjà á dúró wòkè."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, Màámi. Ṣùgbọ́n irú kejì wà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí kò ní bá ẹlòmíràn jókòó láéláé, òtútù ì báà pa á. Àkọ́kọ́ á gba àga ìsàlẹ̀, èkejì á gba tòkè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á tò sókè. Àwọn tó wà lókè pátápátá kì í sinmi, bó ti wù kó tutù tó."

"Irú tèmi nìyẹn," mo wí. A tún rẹ́rìn-ín.

Èyí tó di ọ̀kan yẹn ló ń wọn omi fún wa. Odò ti gbẹ, òjò ti di ìtàn, omi tó kù wà lábẹ́ àpáta. Ìgò yẹn ló sì ń mọ ibi tí ilẹ̀ ti wúwo, ibi tó ti fúyẹ́, tí wọ́n fi ń mọ ibi tí wọ́n á gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí. Nǹkan kékeré ló ń bà á jẹ́: eré, ìjà, èrò púpọ̀. Àwọn aláṣẹ wá wo ohun tí wọ́n ń ṣe fún afẹ́fẹ́, ó wù wọ́n, wọ́n ní kí àwọn náà ṣe é fún ìlú. Bí Etí ṣe di Etí nìyẹn. Bí àga ṣe di àga nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí mo fò jáde yẹn, Láníhùn ló kọ́kọ́ dé sídìí Etí. Òun ni Olùṣọ́ Etí ní apá ọ̀dọ̀ wa, ọmọkùnrin tó mọ̀wé, tí òun àti Àrínọlá jọ kọ́ṣẹ́. Ó dúró sínú, èmi wà lóde, òkúta orúnkún ló wà láàárín wa. Ó tẹríba díẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, Mà."

"Ìjókòó wo? Lórí àga wo?"

Ó wúkọ́. "Mà, òfin ní kí n bi yín, ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ ó sì dáhùn. Ṣé ẹsẹ̀ yín ló gbé yín jáde, àbí ẹnì kan ló tàn yín? Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ yín, ọ̀rọ̀ ti parí. Bó bá jẹ́ wọ́n tàn yín, ẹ dárúkọ ẹni náà. Ẹ̀yin á wọlé, òun á jáde."

"Ẹ jẹ́ kí n rí ọmọ mi ná."

Àrínọlá ti ń bọ̀. Ó ń rìn bí gbogbo wọn ṣe ń rìn ní Ilé Òtútù, bíi pé ilẹ̀ náà ni ẹyin. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ funfun, ikùn rẹ̀ sì ti ń yọ. Mo ti mọ̀ pé ó lóyún kó tó sọ fún mi. Ìyá wo ni kò ní mọ̀? Mo ti ń retí kó sọ ọ́. Mo ti ń wá orúkọ.

"Màámi," ó wí.

"Ta lò ń pè?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ìgbà wo ni Mopélọlá kú?"

Ó wo Láníhùn, ó wo ilẹ̀. "Nínú ọyẹ́."

"O gbọ́, o sì ń bá mi jẹun. O ń bá mi rẹ́rìn-ín. Mo ní kí o bá mi kí i bí o bá ráyè, o ní 'Mo ti kí i, Màámi, ó ní kí n kí yín.'"

"Bí mo bá sọ fún yín lọ́jọ́ náà, ẹ̀ bá ti fò jáde lọ síbi sàárè rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá ti fò jáde. Kí ló dé tí o kò jẹ́ kí n fò nígbà náà?"

"Oyún kò tíì sí nígbà náà."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ báyìí, bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ti tán nílé. Jọláadé tó dúró lẹ́yìn mi pòṣé, ó ní, "Háà! Ọmọ èèyàn nìyí?" Mo ní kó fi mí sílẹ̀.

"Àrínọlá, kí ló dé tí o kò bi mí? Kí o ní, Màámi, ọmọ ń bọ̀, kò sí àga."

"Mo bẹ àwọn aláṣẹ títí. Wọ́n ní bí mo bá bímọ tí àga kò ṣófo, èmi àti ọmọ la jọ máa jáde. Kí n wá bi yín? Bí mo bá bi yín, tí ẹ sì kọ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bá wọn jà nítorí odó! Tí ẹ bá kọ̀, kí ni kí n tún ṣe?"

Ohun tí ǹ bá wí bó bá bi mí, n kò mọ̀ ọ́n. Títí di òní yìí n kò mọ̀ ọ́n, n kò sì ní parọ́ fún ẹni tó ń ka ìwé yìí. Ó lè jẹ́ pé ǹ bá kọ̀. Ó lè jẹ́ pé ǹ bá palẹ̀ ẹrù mi mọ́ kí ó tó sọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ni ì bá ti jáde. Kì í ṣe ẹnu òkú.

Mo wo ikùn rẹ̀. Mo wo iyẹ̀pẹ̀ òde, ìyẹ̀wù páànù tí àwọn gbígbóná ń gbé, igbá omi tó dà bí ọtí yẹn. Ọmọ ọjọ́ kékeré kò lè mu omi yẹn. Mo mọ ohun tí mo máa sọ. Mo yíjú sí Láníhùn, mo la ẹnu.

"Láníhùn, kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ mi..."

Ìgbà yẹn ni Àrínọlá mí kanlẹ̀. Ó fi ìgúnpá tọ́ Láníhùn, ó rọra wí pé, "Mo sọ fún ẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ sí mi létí. Ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ni gbogbo wa ń sọ ní Òkè-Ìgò. Etí wa mú.

"Kí lo sọ fún un?"

"Kò sí nǹkan, Màámi. Ẹ parí ọ̀rọ̀ yín."

"Láníhùn, kí ló sọ fún ọ?"

Láníhùn kò lè wò mí lójú. "Mà, ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo ní bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ ńkọ́. Ó ní ẹ kò ní dárúkọ òun."

"Báwo ló ṣe mọ̀?"

Àrínọlá ló dáhùn. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹ lè rí i lójú rẹ̀, ó sì dá mi lójú pé ó rò pé òótọ́ ọ̀rọ̀ á tù mí nínú. "Màámi, bí a ṣe ń mọ ti afẹ́fẹ́ náà ni. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó máa ṣe. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pọ̀, a mọ̀. A mọ èyí tó máa fò, a mọ èyí tó máa jókòó. Àwọn ìyá tó ti jáde ṣáájú yín pọ̀. A bi gbogbo wọn ní ìbéèrè yìí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dárúkọ ọmọ. Nítorí náà ni ọkàn mi fi balẹ̀."

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ó kà mí. Ọmọ tí mo pọ̀n, tí mo fi ẹnu fa ikun nímú rẹ̀ nígbà tí òtútù mú un, ó tò mí mọ́ àwọn ìyá tí n kò mọ̀ rí, ó kà wá pọ̀, ó sì rí i pé n kò ní ná an ní nǹkan kan, n kò ní kó wàhálà bá a. Ìfẹ́ tí mo ní sí i, òun gan-an ló fi ṣe okùn tó fi dè mí. Bó bá bínú sí mi, ǹ bá gbà. Bó bá kórìíra mi, ẹni tó kórìíra rẹ mọ̀ ọ́ yàtọ̀ sí ẹlòmíràn. Èyí kò tilẹ̀ mọ̀ mí. Gbogbo ọdún tí a fi jọ jẹun, ìyá kan lásán ló rí níwájú rẹ̀.

"Láníhùn," mo wí. N kò sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ohùn tí mo fi ń pe ewúrẹ́ láti òkè odò nígbà èwe mi ni mo fi sọ ọ́. "Gbọ́ dáadáa. Wọ́n tàn mí jáde. Àrínọlá, ọmọ tí mo bí, ló tàn mí. Ohùn òkú ló fi tàn mí. Àpótí rẹ̀ nìyí."

Mo ju àpótí náà sí i, ó gba orí Etí kọjá.

Gbogbo ojú fèrèsé ṣí. Bàbá Fọlárìn ti yọrí. Lẹ́yìn náà ni Àrínọlá figbe ta, igbe tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti wọ aṣọ funfun yẹn.

"Màámi! Oyún ló wà nínú mi! Oyún!"

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì ṣe é? Ẹ wo ibẹ̀ yẹn! Ṣé ibẹ̀ yẹn ni kí n bí i sí?" Ó ń jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Agogo Ilé Òtútù bẹ̀rẹ̀ sí dún, kóńgó, kóńgó.

Láníhùn di apá rẹ̀ mú, kò fi agídí dì í. Ojú tì í, ẹ̀rù sì ń bà á. "Àrínọlá, jọ̀wọ́. Ó ti sọ ọ́. Mo ti gbọ́, ìlú ti gbọ́." Ó yíjú sí mi. "Mà, ẹ súnmọ́ Etí. Ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa gbé ẹsẹ̀. Bí òun ṣe ń bọ́ síta ni kí ẹ̀yin máa bọ́ sínú, kí ìgò má baà tún dàrú."

Mo súnmọ́ ọn. Àrínọlá gun òkúta náà, ó fi ọwọ́ kan ti ikùn rẹ̀, omijé àti ikun dàpọ̀ lójú rẹ̀. A dojú kọ ara wa. Láníhùn ní, "Ó yá."

Ó gbé ẹsẹ̀ kan bọ́ síta. Èmi kò gbé tèmi.

"Mà, ẹsẹ̀ yín! Ẹsẹ̀ yín dà?"

"Ó wà níbi tó wà."

"Mà, àga yín ti padà di tiyín! Ẹ wọlé!"

"Ẹni tó bá fẹ́ kó lọ jókòó sí i."

Àrínọlá dúró báyìí, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan lóde, ó ń wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. "Kí lẹ ń ṣe? Ẹ ti ba ayé mi jẹ́ tán, ẹ wọlé kẹ́ ẹ lọ jẹ èrè rẹ̀! Kí lẹ dúró ń ṣe?"

"N kò tíì dárí jì ọ́," mo wí. "Má rò bẹ́ẹ̀."

"Ta ló bẹ̀ yín?"

"Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí. Òkúta tó o fẹ́ tẹ̀ yẹn ń yẹ̀. Gbé ọwọ́ lé èjìká mi."

Ó kọ̀. Agogo ń dún lórí wa. Ó tún wo òkúta náà, ó wo ikùn rẹ̀, ó wo ojú mi. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ó sì fi èékánná dì í títí ó fi wọ̀ mí lára, ó wá bọ́ sílẹ̀ sóde, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.